Ọmọ Tí Kì Í Wojú Ẹni

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ayé yín ṣe, iṣẹ́ tèmi kò sí lára èyí tí òbí máa ń tọrọ fún ọmọ nínú àdúrà. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, níbí ní Lọ́kọ́jà. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ọ́tísìmù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, èmi fúnra mi kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu aráyé ni "ọmọ tí kò gbọ́ràn," "ọmọ tí kò lóye," àti àwọn orúkọ mìíràn tí n kò ní kọ síbí.

Èmi kọ́ ni mo yan iṣẹ́ náà. Ilẹ̀ Yàgbà ni mo ti wá. Mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n sì gbé mi wá sí Lọ́kọ́jà. Ìyá mi ń ṣàìsàn lákòókò náà, nítorí náà mo fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ kí n tó dé ilé-ìwé tí wọ́n pín mi sí. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti pín gbogbo kíláàsì tán. Ọ̀gá ilé-ìwé wo ìwé ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ó ku kíláàsì ẹ̀yìn." Àwọn olùkọ́ tó wà nínú ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn. Ní ti owó oṣù, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ ju pé ó máa ń pẹ́ kó tó dé, gbogbo wa la sì jọ ń retí rẹ̀.

Kíláàsì ẹ̀yìn jẹ́ yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé ìdáná ilé-ìwé. Ọmọ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, Màmá Ìbítóyè ló sì ń darí rẹ̀. Ará Ìjùmú ni, obìnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í gbé ohùn sókè, síbẹ̀ ọ̀gá ilé-ìwé pàápàá ń bẹ̀rù rẹ̀. Mo kí i bí a ṣe ń kí ara wa ní ilẹ̀ wa, "Òkun o, mà." Ó dáhùn, ó sún mọ́ mi, ó sì fa imú.

"Kí lo fi para?"

"Lọ́fínńdà ni, mà."

"Lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi kí o fọ̀ ọ́ kúrò. Bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn náà. Bàtà tó ń dún pà-pà-pà yẹn, má wọ̀ ọ́ wá síbí mọ́ láéláé."

Mo rò pé ó kàn kórìíra mi ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó mọ̀ pé ọmọ kan wà níbẹ̀ tí òórùn lọ́fínńdà máa ń mú kó bì, àti òmíràn tí ìró ẹ̀gbà ọwọ́ máa ń dùn létí bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi irin ha àwo.

Fún oṣù kan gbáko, kò jẹ́ kí n kọ́ ọmọ kankan ní ohunkóhun. Ó fún mi ní ìwé àti pẹ́ńsù, ó ní kí n jókòó sí kọ̀rọ̀, kí n máa wo ọmọ kan ṣoṣo lójúmọ́, kí n sì máa kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní mo kọ ojú ìwé mẹ́ta. Ó gbà á, ó kà á, ó sì fi bírò pupa fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"O kọ ọ́ síbí pé olóríkunkun ni Dáníẹ́lì. Níbo lo ti rí oríkunkun? Àwọ̀ wo ló ní?"

"Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, mà, kò dá mi lóhùn."

"Ẹ̀ẹ́n. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. 'Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn.' Ohun tí ojú rẹ rí ni kí o kọ fún mi. Èyí tí ọkàn rẹ ń sọ, fi sílé tí o bá ń bọ̀."

Dáníẹ́lì yìí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó máa ń to ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ ní ìlà gígùn, ó sì lè wà lórí rẹ̀ fún wákàtí méjì. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, mo fi ẹsẹ̀ ti mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ náà figbe ta. Ó sunkún títí wọ́n fi lu aago àtilọ sílé.

Mo ní, "Nítorí ìdérí ìgò?"

Màmá Ìbítóyè kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bí ẹnì kan bá wọ ilé rẹ, tó da gbogbo ẹrù rẹ síta, ṣé ẹ̀rín lo máa rín? Ó di ọ̀la. Tí o bá dé, kí o lọ bẹ̀ ẹ́."

Ní ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀, èmi olùkọ́, mo bẹ ọmọ ọdún mẹ́fà. Kò wò mí. Ṣùgbọ́n ó ti ìdérí ìgò kan sí ọ̀dọ̀ mi. Mo tò ó tẹ̀lé èyí tó gbẹ̀yìn. Ó tún ti òmíràn wá. Ó di ìlà gígùn kan tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti ọmọ kan jọ ṣeré nínú yàrá yẹn nìyẹn, a kò sì sọ gbólóhùn kan síra wa.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo lò lábẹ́ obìnrin yìí. Kò sí ẹgba nínú kíláàsì rẹ̀, nígbà tí ẹgba wà nínú gbogbo kíláàsì yòókù. Kò sí ìyìn púpọ̀ níbẹ̀ náà. Tí mo bá ṣe dáadáa, á ní, "Ó dáa," á sì yí ojú padà. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n á ti máa pàtẹ́wọ́ fún yín, ẹ má wá síbí.

Ọdún tó fẹ̀yìn tì gan-an ni Hàlímà dé. Ìyá rẹ̀ mú un wá láti abúlé àwọn Òwòrò kan tí kò jìnnà sí ìlú. Àgbẹ̀ ni ìyá náà, ọwọ́ rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Hàlímà jẹ́ ọmọ ọdún méje. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó máa ń kùn lọ́fun, ohùn kan náà ṣáá, ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí, kì í sì í wojú ẹni. Tí ẹ̀rọ omi bá ń jò, á lọ dúró tì í, á máa wo omi bó ṣe ń kán.

Ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé àwọn ará ilé ọkọ òun ní kí òun pa ọmọ náà tì, kí òun bí òmíràn. "Mo ní n kò gbọ́," ló wí. "Mo di ẹrù mi, mo wá gba yàrá kan sí ìlú yìí. Ṣé ẹ̀yin lè kọ́ ọ?"

Màmá Ìbítóyè ní, "A máa kọ́kọ́ wò ó ná."

Kò pẹ́ sígbà náà ni ó fẹ̀yìn tì, ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lé mi lọ́wọ́. Èmi náà di ọ̀gá.

Ọmọ kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Fúnmi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń kọ́ kíláàsì iwájú. Ó fi ọdún kan ju Hàlímà lọ. Kò ní ọ́tísìmù, ọmọ bí ọmọ yòókù ni: ó lẹ́nu, ó ń béèrè ohun gbogbo, ó mọ gbogbo orin tó wà níta. Bí ilé-ìwé bá ti jáde, tó ń dúró de ìyá rẹ̀, á wá sí kíláàsì ẹ̀yìn, á jókòó ti Hàlímà. N kò pè é, n kò sì lé e. Mo ń rí i pé tí Hàlímà bá ń kùn, Fúnmi náà á máa kùn bẹ́ẹ̀. Mo kàn rò pé eré ọmọdé ni.

Lọ́dún yẹn, wọ́n pè mí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ wa ní kí a máa fọwọ́ di àgbọ̀n ọmọ mú, kí a sọ pé, "Wò mí," kí a má sì jẹ́ kó lọ títí tó fi máa wò wá. Ó ní bí ojú kò bá pàdé ojú, ẹ̀kọ́ kò lè wọlé. Mo gbà á gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún Hàlímà láràárọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó kọ́ láti wò mí. Omi á máa dà lójú rẹ̀, ara rẹ̀ á le gan-gan, ṣùgbọ́n ó ń wò mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí àṣeyọrí.

Fúnmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Antí, tó bá ń wò yín, kì í gbọ́ nǹkan tí ẹ ń sọ o. Ìgbà tó bá wo ibòmíràn ló máa ń gbọ́."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo máa ń sọ̀rọ̀ fún un ni. Tí mo bá ní kó fún mi ní pẹ́ńsù, tó bá ń wo ilẹ̀, á fún mi. Tí mo bá ní kó wò mí, kì í fún mi."

Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ fún mi. Èmi tí wọ́n fi oṣù kan kọ́ ní wíwò, n kò gbọ́.

Ọdún kejì tí mo di ọ̀gá kíláàsì, wọ́n ní kí gbogbo ilé-ìwé kó ọmọ wá yan ní gbàgede Paparanda ní Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, níwájú àwọn ènìyàn pàtàkì. Kíláàsì ẹ̀yìn kò lọ rí. Màmá Ìbítóyè kì í gbà. Èmi ní a máa lọ. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé mo fẹ́ kí ìlú rí àwọn ọmọ mi. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí ìlú rí èmi.

Fúnmi tún wá bá mi. "Antí, ẹ má mú Hàlímà lọ. Fèrè àwọn bẹ́ǹdì yẹn á dùn ún nínú orí."

Mo ní, "Fúnmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́. Jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi."

Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Wọ́n to ẹ̀rọ gbohùngbohùn yí pápá ká. Mo di ọwọ́ Hàlímà mú, mo sì ń rí i pé ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n kó tó kàn wá, ṣùgbọ́n mo ní yóò mọ́ ọn lára. Ó kàn wá. Bí a ṣe dé iwájú àwọn àlejò, bẹ́ǹdì fun fèrè lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, èmi sì gbé ọwọ́ sókè láti kí wọn. Ọwọ́ tí mo fi mú Hàlímà ni mo gbé sókè. Nígbà tí mo fi máa sọ ọ́ kalẹ̀, kò sí ọmọ níbẹ̀ mọ́.

N kò lè ṣàlàyé wákàtí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e fún ẹni tí kò sọ ọmọ ọlọ́mọ nù rí. Láti Paparanda, odò Ọya kò jìnnà, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ọmọ náà fẹ́ràn omi. Àwọn ọkùnrin sáré lọ sí etí odò. Àwọn apẹja Núpé wọ ọkọ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá yẹ abẹ́ koríko wò. Mo rí ọ̀pá yẹn tó ń wọ inú omi. Mo ń pariwo, "Hàlímà! Hàlímà!" títí ohùn mi fi há. Ìyá rẹ̀ ti dé. Kò pariwo. Ó dúró ní etí odò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn mú, ó ń wo omi.

Fúnmi fa aṣọ mi. "Antí, ẹ ní kí wọ́n má pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ariwo ló ń sá fún. Tí ẹ bá ń pariwo, á máa sá lọ ni."

Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé, "Níbo ló máa wà?"

Ó ronú. "Kò ní lọ síbi tí èèyàn pọ̀ sí. Etí odò, èèyàn ti pọ̀ jù níbẹ̀. Á wá ibi tí omi ti ń ṣe ohùn kékeré."

A padà sẹ́yìn, èmi àti òun àti ìyá Hàlímà, a ń wọ ọgbà dé ọgbà láàárín àwọn ilé àtijọ́ tó wà ládùúgbò yẹn. Nínú ọgbà kan tí ilé rẹ̀ wà ní títì, táǹkì omi kan ń jò sínú garawa. Hàlímà wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ká jọ, ó fi ọwọ́ bo etí, ó ti bu ara rẹ̀ jẹ ní apá títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Mo fẹ́ sáré lọ gbá a mọ́ra. Fúnmi dí ọ̀nà mọ́ mi. Òun nìkan ló lọ. Kò lọ dojú kọ ọ́. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí garawa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ohùn Hàlímà gan-an, bẹ́ẹ̀ náà. Ó pẹ́. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó ń fún un bí ẹni ń fún aṣọ. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ tí ohùn náà di méjì.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ ti gbé e pọ̀n tán, ó yíjú sí mi. Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Ó ní, "Antí, mo gbé e fún yín nítorí pé ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ máa wò ó. Ẹ̀yin náà wá ń fi ọmọ mi ṣe àfihàn." Ní ọjọ́ kejì, ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí abúlé.

Wọ́n fún mi ní ìwé pé kí n wá sọ tẹnu mi, mo sì sọ ọ́. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Mo lọ bá Màmá Ìbítóyè nílé rẹ̀, mo ń sunkún kí n tó jókòó. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Ó mú ìwé tuntun kan wá. "Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀," ló wí. "Ibi tí Fúnmi ti kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀." Mo kọ ọ́ níwájú rẹ̀. Nígbà tó kà á tán, kò fi bírò pupa kàn án. Ó ní, "O mọ ibi tó o máa lọ báyìí."

Mo lọ sí abúlé náà. Ìyá Hàlímà kò lé mi, kò sì pè mí wọlé. Òun àti ọmọ rẹ̀ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lábẹ́ igi. Mo jókòó sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣẹ́ ẹ̀gúsí. N kò pe Hàlímà. N kò wá ojú rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ni mo fi lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà sún títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì fi èjìká rẹ̀ ti tèmi, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ rí i. Ó ní, "Ọjọ́ Ajé la ó padà wá."

Láti ìgbà náà ni mo ti yí kíláàsì mi padà. Mo tọrọ ààyè pé kí àwọn ọmọ kíláàsì iwájú máa wá lo wákàtí kan pẹ̀lú wa lójoojúmọ́, ní méjì-méjì. Àwọn òbí kan kọ̀, wọ́n ní kí àìsàn náà má lọ ran ọmọ àwọn. Àwọn kan gbà. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe àwọn ọmọ tèmi nìkan ló ń kọ́ nǹkan. Àwọn ọmọ iwájú náà kọ́ láti dúró de ẹlòmíràn, kí wọ́n má sì já lu ọ̀rọ̀.

Dókítà obìnrin kan tó mọ̀ nípa ọpọlọ ọmọdé wá bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, òun ló la ojú mi. Ó ní ọpọlọ ọmọ kékeré dà bí igbó tí ọ̀nà ẹsẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí ọmọ bá ń tọ̀ lójoojúmọ́ á máa fẹ̀ sí i, èyí tí kò bá tọ̀, koríko á bò ó. Ó ní ọ̀nà wà nínú ti ọmọ tó ní ọ́tísìmù náà, ibòmíràn ló kàn gbà. Ìró, ìmọ́lẹ̀ àti òórùn lè máa wọlé sí i pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Fún àwọn kan nínú wọn," ló wí, "ojú ènìyàn gan-an, ariwo ni. Bó ṣe ń gbójú kúrò yẹn, ó ń wá ibi tó dákẹ́ láti gbọ́ yín ni." Mo rántí àgbọ̀n Hàlímà nínú ọwọ́ mi, mo sì sọ orí kodò.

Ohun èlò wa náà yí padà. Láti ìgbà Màmá Ìbítóyè, àwòrán inú kàlẹ́ńdà àtijọ́ la máa ń gé, a ó fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí: omi, oúnjẹ, ilé ìyàgbẹ́. Ọmọ á mú páálí tó bá fẹ́ wá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Hàlímà fi páálí bá mi sọ ni "Ó tó." Mo ń sọ̀rọ̀ lọ lọ́jọ́ náà, ó mú un, ó gbé e lé mi lẹ́nu. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí, mo sì dákẹ́. Nígbà tó yá, fóònù ńlá pẹlẹbẹ dé, tí ènìyàn á tẹ àwòrán, tí á sì sọ̀rọ̀ jáde. Ohùn ìyá rẹ̀ la gbà sínú ti Hàlímà.

Àwọn ọmọ ń dàgbà. Èyí ni apá tó le jù nínú iṣẹ́ wa, tí àwọn ènìyàn kì í sọ. Tí wọ́n bá wà ní kékeré, eré kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Tí wọ́n bá ti pé ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, àwọn yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú sọ̀rọ̀, wọ́n á ní àṣírí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí ẹnì kan kò sọ. Ọmọ tèmi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Fúnmi ti wọ ilé-ìwé girama. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wá wo Hàlímà, láìyẹ̀. Ó dìgbà kan, kò wá mọ́. Hàlímà á lọ dúró ní géètì títí gbogbo ènìyàn á fi lọ tán. Ọ̀sẹ̀ kan, méjì, márùn-ún. Inú bí mi. Mo lọ pàdé Fúnmi lójú ọ̀nà, mo ti múra ìbáwí sílẹ̀.

"Fúnmi, kí ni Hàlímà fi ṣe ọ́?"

Ó bú sẹ́kún. "Kò fi nǹkan kan ṣe mí, mà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rí wa lọ́jà. Ó ń kùn, ó ń ju ọwọ́. Wọ́n ń sín in jẹ, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí ẹni pé n kò mọ̀ ọ́n. Antí, mo mọ̀ pé ó burú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣe mí bí ẹni pé kí n kú."

Dókítà ti sọ fún wa pé ọpọlọ ọmọ tó ń bàlágà dà bí ilé tí wọ́n ń tún kọ́ nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀, àti pé ní ọjọ́ orí yẹn, ojú tí ẹgbẹ́ fi ń wo ọmọ máa ń wúwo lọ́kàn rẹ̀ ju bí àwa àgbà ṣe rò lọ. Mo ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún ní sùúrù fún ọpọlọ Hàlímà, n kò rò ó pé ọpọlọ Fúnmi náà ń fẹ́ sùúrù. Mo nu ojú rẹ̀. Mo ní, "N kò ní fipá mú ọ. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún un náà."

Mo to àwòrán fún Hàlímà: Fúnmi, ọjọ́ Ẹtì, kò ní wá. Ó wò ó pẹ́. Ó bu ọwọ́ rẹ̀ jẹ. Kò lọ sí géètì mọ́, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Ẹtì, kì í jẹun ọ̀sán. Àwọn tó ń sọ pé irú wọn kì í fẹ́ ọ̀rẹ́, kí wọ́n wá jókòó ti oúnjẹ yẹn bí mo ṣe jókòó tì í.

Ó lé ní ọdún kan. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo gbójú sókè, Fúnmi dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ Ígálà kan. Ó ní, "Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n." Ó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Hàlímà, ó kọjú síwájú, bó ṣe máa ń ṣe. Hàlímà kò yíjú. Ó fa fóònù pẹlẹbẹ rẹ̀ sún mọ́ra, ó wá àwòrán kan, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn ìyá rẹ̀ jáde nínú rẹ̀: "O pẹ́."

Fúnmi ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Mo pẹ́ lóòótọ́. Má bínú." Hàlímà jẹun lọ́jọ́ náà.

Fúnmi ti ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá báyìí, ó sì ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Hàlímà ń ṣiṣẹ́ láràárọ̀ ní ilé ìtajà oògùn kan ní àdúgbò Lokongoma, òun ló ń to oògùn sórí pẹpẹ. Ó ti mọ ìwé kà, ó sì ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù rẹ̀; kò sí páálí oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá tí kì í rí. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ń jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ, ọ̀nà kan náà, àkókò kan náà. Tí wọ́n bá yí ọ̀nà padà, ìdààmú ni.

Èmi náà fẹ̀yìn tì. Mo rò pé iṣẹ́ ti tán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, mo ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, mo gbọ́ tí wọ́n ń kan géètì. Hàlímà ni, òun nìkan. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò dá wọ kẹ̀kẹ́ rí. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó di etí kan, ó na fóònù sí mi. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ sí i: "Ìyá. Èémí kò dọ́gba."

N kò bi í ní ohun kankan. Mo wọ bàtà, a jọ lọ. Ìyá rẹ̀ ń bẹ iṣu nígbà tí a dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ kú àárọ̀ o, Antí. Kí ló gbé yín wá? Kò sí nǹkan o. Inú ló ń run mí díẹ̀ láti àná, oúnjẹ ni kò bá mi lára mu." Ó ń sọ̀rọ̀ geere. Bí mo bá dá wá, ǹ bá gbà á gbọ́, ǹ bá padà sílé. Hàlímà jókòó tì í, kò wojú rẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ ẹ̀gbẹ́ ikùn ìyá rẹ̀ lápá ọ̀tún. Obìnrin náà ké, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kó tó di ọ̀sán. Dókítà ní bó bá ṣe pé a pẹ́ di ìrọ̀lẹ́ ni, ìfun kékeré kan tó wú lápá ọ̀tún ìbá ti bẹ́ sí i nínú. Hàlímà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, nínú gbogbo ariwo àti òórùn yẹn, ó fi aṣọ bo orí, kò sì kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ jí, nọ́ọ̀sì kan wá láti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí, ó wo Hàlímà lábẹ́ aṣọ, ó wá bi obìnrin náà pé, "Màmá, ta ló mú yín wá síbí?"

Ó rò pé èmi ni. Mo rí i lójú rẹ̀.

Ìyá Hàlímà kò tíì lágbára láti gbé orí sókè. Ó ní, "Ọmọ mi ni." Nọ́ọ̀sì náà kọ ọ́ sílẹ̀.